Ìránṣẹ́ Ara Tó Ń Sin Kókó Inú Ọpọlọ

Ọ̀dọ̀ kantíkantí la ó ti bẹ̀rẹ̀, àwọn eṣinṣin kéékèèké tó máa ń bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, nítorí àwọn ló tú àṣírí ohun tí mo bá wá lónìí. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ítálì kan, Ferruccio Ritossa, ló ń sìn wọ́n fún ìwádìí. Ẹnì kan ṣèèṣì fi kún ooru àpótí tí wọ́n wà. Nígbà tí Ritossa yẹ sẹ́ẹ̀lì ìdin wọn wò, ó rí i pé àwọn ojú ibì kan lára okùn àbùdá wọn ti wú: ooru ti ta sẹ́ẹ̀lì jí sí iṣẹ́ kan tí kì í ṣe lójoojúmọ́. Ìwé sáyẹ́ǹsì tó kọ́kọ́ fi àbọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí kọ̀ ọ́. Òmíràn tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1962. Nígbà tó di 1974, àwọn mìíràn rí ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń pèsè lásìkò bẹ́ẹ̀. Purotéènì ni, ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní purotéènì ìgbà ìnira.

Gbogbo wa la ní wọn lára. Ìnira tí mò ń wí yìí kì í ṣe ti gbèsè tàbí owó ilé o. Ooru ni, májèlé ni, àìtó ọ́síjìn àti ṣúgà nínú sẹ́ẹ̀lì ni. Ọ̀pọ̀ purotéènì kì í wúlò àfi bó bá ká bó ṣe yẹ kó ká, bíi gèlè tó jẹ́ aṣọ lásán títí a ó fi wé e. Bí ìnira bá dé, gèlè á tú. Àwọn purotéènì ìgbà ìnira ló ń tún un wé. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe wúwo tó ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ: HSP27, HSP70, HSP90. Ara kò ní ìránṣẹ́ tó dáa jù wọ́n lọ.

Wàyí o, ẹ wá wo glioblastoma. Nínú àwọn jẹjẹrẹ tó ń ti inú ọpọlọ àgbàlagbà fúnra rẹ̀ hù, òun ló wọ́pọ̀ jù, òun ló sì wà lára àwọn tó rorò jù. Ó ń yára dàgbà débi pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kì í lè pèsè tó fún un. Ọ́síjìn á wọ́n láàárín rẹ̀, oúnjẹ á wọ́n. Ó yẹ kí irú ibẹ̀ pa á, ṣùgbọ́n ó ti sọ ìránṣẹ́ ara di tirẹ̀, ó ń pèsè wọn ní àpọ̀jù. HSP90 ń gbé àwọn purotéènì tó ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó máa bí sí i dúró, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú wọn ti bàjẹ́, wọn ò lè dá dúró. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe a máa pa ara rẹ̀, kó má baà kó bá àwọn tó kù. HSP70 àti HSP27 ń dí i lọ́wọ́. Ọ̀kan mìíràn wà, GRP78, tó ń bá kókó náà forí ti oògùn temozolomide.

Temozolomide yìí sì ni oògùn tí àwọn dókítà gbára lé jù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ìwádìí ńlá tó jáde ní 2005 fi hàn pé bí wọ́n bá fi kún ìtànṣán tí wọ́n ń tàn sí kókó náà, ìdajì àwọn aláìsàn ń lò ju oṣù 14.6 lọ láyé; bó bá jẹ́ ìtànṣán nìkan, oṣù 12.1 ni. Èrè náà kéré, ṣùgbọ́n òun la rí.

Ṣé kí a kúkú fi oògùn dá HSP90 dúró? Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀. Láti ara kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ni wọ́n ti rí àkọ́kọ́ irú oògùn bẹ́ẹ̀, geldanamycin, ṣùgbọ́n ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ọpọlọ tún ní odi tirẹ̀ láàárín òun àti ẹ̀jẹ̀, ọ̀pọ̀ oògùn kì í rí i kọjá. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé bí oògùn bá mú HSP90, ìnira tuntun nìyẹn lójú sẹ́ẹ̀lì, kíá ni yóò pèsè HSP70 sí i. Orílẹ̀-èdè Japan fọwọ́ sí irú oògùn yìí kan, pimitespib, ní 2022, ṣùgbọ́n fún kókó inú ikùn ni. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n yọ gp96, tí òun náà jẹ́ purotéènì ìgbà ìnira, lára kókó ọpọlọ aláìsàn fúnra rẹ̀, wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un. Ìdánwò àkọ́kọ́ fúnni nírètí. Èyí tó tẹ̀ lé e kò fi hàn pé ó fi kún ẹ̀mí àwọn aláìsàn. Ní tèmi, oògùn kan ṣoṣo kò ní ṣẹ́gun ìránṣẹ́ tó pọ̀ tó báyìí; àfi kí wọ́n pa oògùn pọ̀.

Kí ìyẹn tó dé, ẹ má fi àmì àìsàn yìí ṣeré. Kì í ṣe gbogbo orí fífọ́ ni kókó, èyí tó pọ̀ jù kì í ṣe é. Ṣùgbọ́n bí orí fífọ́ bá ń jí yín láàárọ̀, tí èébì ń bá a rìn, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá ń rọ, bí ojú bá ń ṣú, tàbí bí wárápá bá gbé àgbàlagbà tí kò ṣe é rí, ẹ má gbé aláìsàn lọ síbi tí wọ́n á ti máa lé ẹ̀mí òkùnkùn. Láti 1962 tí Dókítà Látúndé Òdékù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn, ilé ìwòsàn tó ń ṣe é ti pọ̀ sí i nílẹ̀ wa. Ẹ lọ, kí ẹ sì ní kí wọ́n ya àwòrán orí yín.