Ewu Àkúnya Omi ní Àrọko, àti Bí A Ti Lè Díwọ̀n Rẹ̀



Àwọn bàbá wa wí pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí arọ bá tilẹ̀ gbọ́, ta ni yóò gbé e? Ibẹ̀ ni ìdíwọ̀n ewu ti bẹ̀rẹ̀. Òjò ńlá tí ó rọ̀ sí igbó tí ẹnikẹ́ni kò gbé, òjò lásán ni. Nígbà tí ó bá bá ilé àti ènìyàn ní ojú ọ̀nà rẹ̀ ni ó tó di àjálù.

Gbogbo wa ni a mọ ti Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa kún, ó sì gba ẹ̀mí tí ó lé ní 200. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún dé sí ìlú náà, ẹ̀mí tí ó lé ní 100 sì bá a lọ. Ìròyìn ìlú ńlá a máa tàn kálẹ̀. Ti àrọko kì í sábà dé etí ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, àwọn abúlé etí Odò Ògùn ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ.

Odò Ọ̀yán ń ṣàn sínú Ògùn. Láti ọdún 1983 ni odi ńlá tí a ń pè ní dáàmù ti sé Ọ̀yán mọ́. Nígbà tí omi bá pọ̀ jù lẹ́yìn odi náà, àwọn olùtọ́jú rẹ̀ a ṣí ilẹ̀kùn fún un, kí odi má baà wó. Omi yìí a sì gba ìsàlẹ̀ lọ. Àgbẹ̀ tí ń wo ojú ọ̀run nìkan lè tipa bẹ́ẹ̀ rí omi nínú oko rẹ̀ ní ọjọ́ tí òòrùn mú ganrínganrín. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ewu abúlé rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní òkè odò.

Àwọn onímọ̀ a máa sọ pé irú omi báyìí, ẹ̀ẹ̀kan ní 100 ọdún ni. Ọ̀pọ̀ a gbọ́ èyí, wọn a sì sùn fọnfọn. Ẹ jẹ́ kí n ṣe bí olùkọ́. Ẹ kó ọmọ ayò 100 sínú àpò, kí ẹ fi ẹfun kun ọ̀kan. Lọ́dọọdún ẹ ó di ojú mú ọ̀kan, ẹ ó sì dá a padà. Ẹni tí ó bá gbé ilé etí odò fún 30 ọdún, ìgbà 30 ni yóò fọwọ́ bọ àpò náà. Bí irú rẹ̀ bá jẹ́ 100, nǹkan bí 26 nínú wọn ni yóò mú ẹlẹ́fun. Ta ni nínú yín ni yóò fi ọmọ rẹ̀ ta irú ayò bẹ́ẹ̀?

Láti ọdún 2013 ni ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣọ́ àwọn odò ti ń tẹ àsọtẹ́lẹ̀ àkúnya omi jáde lọ́dọọdún. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó mọ. Kò mọ ilé opó tí ó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò. Àwa ni a lè mọ̀ ọ́n. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí a bá àgbà àgbẹ̀ rìn létí odò, kí ó fi ibi tí omi dé rí hàn wá, kí a sì fi ọ̀dà sàmì sí ara igi. Lẹ́yìn náà, kí a ka ilé, kànga, abà àti afárá tí ó wà nísàlẹ̀ àmì náà, kí a sì kọ orúkọ afọ́jú, arọ àti abiyamọ, àti ti ẹni tí yóò gbé olúkúlùkù wọn.

(Ti ìjì àti ti iná ọ̀gbẹlẹ̀ yóò dúró di ọjọ́ mìíràn, bí iná tilẹ̀ jó ọ̀pọ̀ oko kòkó wa ní ọdún 1983.)

Ẹ̀yin Olóyè, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí ọwọ́ yín ni ilẹ̀ wà. Mo rí i pé ilẹ̀ àkùrò, tí àwọn bàbá wa fi sílẹ̀ fún ẹ̀fọ́ àti ìrèké, ni a ń tà fún àlejò báyìí. Àlejò kò mọ ibi tí omi dé rí. Ẹni tí ó tà á fún un mọ̀ ọ́n. Mo bẹ̀ yín, kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, kí a má ta ilẹ̀ kankan létí odò títí a ó fi kun àmì sí ara igi tán.