Ọkọ̀ Àlòkù Tí A Rà fún Odò Ọ̀sẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, nílé àti lẹ́yìn odi! Ọkọ̀ ojú omi onípákó tí owó yín rà lọ́wọ́ àwọn ará Ìlàjẹ ti dé. Ó ti pẹ́ lórí ilẹ̀. Oòrùn ti gbẹ ẹ́, ojú ìsopọ̀ pákó sì ti là. Àwọn kan ní kí a gbé e sódò lọ́la. A kò gbà. Àwọn ìyá wa tí ń bọ̀ láti oko ni yóò jókòó sínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀bẹ gún ìdí rẹ̀ wò: ibi tí ọ̀bẹ bá ti wọlé wẹ́rẹ́, igi ti jẹrà níbẹ̀, pákó tuntun ni yóò gbà. Kí a fi òwú àti ọ̀dà dúdú dí ojú tí ó là, ṣùgbọ́n kí a má ki òwú le jù, nítorí bí igi bá wú, yóò ti pákó kúrò láyè. Lẹ́yìn náà, kí a rì í sí etí omi fún ọjọ́ mélòó kan.

Owó òwú àti ọ̀dà ni ó kù. Akápò ń retí yín.