Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ àti Ẹ̀mí Èrò

Bí mẹkáníìkì bá sọ pé ẹsẹ̀ mọ́tò kò dára mọ́, kì í ṣe táyà nìkan ni ó ń bá wí. Àwọn irin, rọ́bà àti epo tí ó wà láàárín táyà àti ara ọkọ̀ ni ó ní lọ́kàn. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń gba ìnira ọ̀nà kí ó má baà dé ara èrò, wọ́n sì ń mú kí táyà máa tẹ ilẹ̀. Èkejì ṣe pàtàkì ju èkíní lọ, nítorí pé táyà tí kò tẹ ilẹ̀ kì yóò gbọ́ ti ìjánu.

Ẹ jẹ́ kí a wo Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1975. Níwájú rẹ̀, sípíríǹgì tí a ká bí ejò ni ó gbé e dúró. Nínú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe jáde ní Faransé ní 1968, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan dá dúró: bí ti ọ̀tún bá bọ́ sí kòtò, ti òsì kì í bá a lọ. Nínú èyí tí ó gùn, tí ń kó èrò, irin kan ṣoṣo ni ó so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Ní ti píkọ́ọ̀pù, irin pẹlẹbẹ tí a tò léra ni sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀. Ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ó lè ru ẹrù.

Sípíríǹgì nìkan kò tó, nítorí pé bí ó bá ti fò, kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dúró. Ṣọ́kì ni ó ń tẹ̀ ẹ́ lórí ba: epo inú rẹ̀ ní láti fi agbára gba ojú ihò tóóró kọjá, èyí ni ó sì ń pa ìfò náà. Búṣì onírọ́bà ni kì í jẹ́ kí irin jẹ irin. Bọ́ọ̀lì jọ́ìntì sì dà bí oríkèé itan. Òun ni ó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ iwájú lè yí.

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ kì í sábà bàjẹ́ láìkìlọ̀. Kí a tẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kí a sì jọ̀wọ́ rẹ̀: bí ó bá ń jó lọ jó bọ̀, ṣọ́kì ti rẹ̀ ẹ́. Epo tí ń sun lára ṣọ́kì, táyà tí ó jẹ lójú kan ju òmíràn lọ, imú ọkọ̀ tí ń dojú bolẹ̀ nígbà tí a bá tẹ ìjánu, àti ìró kó-kó-kó nínú kòtò, ìkìlọ̀ ni gbogbo wọn.

Àwọn awakọ̀ a máa di ẹ̀bi ru ọ̀nà tí kò dára. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí kò dára gan-an ni ó sọ àyẹ̀wò di dandan. Bí bọ́ọ̀lì jọ́ìntì bá já lórí eré, ẹsẹ̀ yóò ṣẹ́ sábẹ́ ọkọ̀, ọwọ́ awakọ̀ kò sì ní í ká a mọ́. Nítorí náà, olùkọ́ tí yóò kó ọmọ ọlọ́mọ rìnrìn-àjò ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìgbà tí wọ́n yẹ ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà wò gbẹ̀yìn, kí ọmọ kan ṣoṣo tó wọlé.