Ìkókó Tó Ń Lọ Òkè Òkun

 Ìyá ọlọ́mọ tó fẹ́ gbé ìkókó tọ ọkọ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ ní pásípọ́ọ̀tù tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí náà ẹ tètè gba ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n etí ọmọ ló ká mi lára jù. Bí bàlúù bá ń gbéra n'Íkẹjà, àti nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa ti etí. Àgbàlagbà á gbé itọ́ mì, etí á ṣí. Ìkókó ò mọ ìyẹn. Ẹ fún un lọ́mú kó máa gbé e mì, ẹ má tijú ẹnikẹ́ni. Ìrìn àjò náà lé ní wákàtí 6 lójú òfuurufú. Síbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún un ní oògùn oorun.

Dòdò Ìkirè tí ìyá ọkọ dì fún yín, ti bàbá ọmọ ni, ata rẹ̀ ti pọ̀ jù fún ìkókó. Ọ̀já tí ẹ fi ń pọ̀n ọ́n ńkọ́? Inú báàgì ọwọ́ ni kó wà. Òórùn ilé ṣì wà lára rẹ̀.