Ìtọ́jú Ọ̀já Ìkookò Nínú Ilé

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí àwọn ewéko kúkúrú tí ènìyàn ń gbìn sínú ìkòkò fún ẹwà inú ilé. Ọ̀kan péré ni àpẹẹrẹ yóò dá lé, èyíinì ni ọ̀já ìkookò oníkúkúrú. Kì í ṣe àìbìkítà ni ó ń pa á jù lọ. Àṣejù ìtọ́jú ni.

Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti Nàìjíríà dé Kóńgò, ni ìran ewéko yìí ti ṣẹ̀. Èyí tí ó wà nínú igbó ní ewé gbọọrọ tí ó nàró. Ní ọdún 1939, ní ìlú New Orleans ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n rí ẹ̀yà kan tí kò ga, tí ewé rẹ̀ pagbo bí òdòdó. Hahnii ni wọ́n ń pè é. Sansevieria ni orúkọ ìran rẹ̀ nínú ìwé tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní 2017 àwọn onímọ̀ kó o sábẹ́ Dracaena, tí í ṣe ìran pèrègún. Ta ni ó sì ń bomi rin pèrègún ní ààlà oko?

Inú ewé rẹ̀ àti apá ìdí rẹ̀ tí ó wà lábẹ́ iyẹ̀pẹ̀ ni ọ̀já ìkookò ń fi omi pamọ́ sí. Òru ni ó ń ṣí àwọn ihò tíntìntín ara ewé rẹ̀ láti gba afẹ́fẹ́; bí oòrùn bá mú, a pa wọ́n dé kí omi má baà gbẹ lọ. Omi díẹ̀ ni ó ń ná. Bí wọ́n bá ń bomi rin ín lójoojúmọ́, omi a lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀, gbòǹgbò a sì jẹrà. Gbòǹgbò tí ó ti jẹrà kò lè fa omi mọ́, nítorí náà ewé a rọ. Onílé a rò pé òùngbẹ ni, a sì tún bu omi sí i. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Kí ni ó yẹ ní ṣíṣe? Ìkòkò amọ̀ tí ó ní ihò nídìí ni ó dára, pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n po yanrìn mọ́. Kí olùtọ́jú ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ dé oríkèé kejì. Bí ó bá ṣì tutù, kí ó fi í sílẹ̀. Ìdí ni kí ó máa da omi sí, kì í ṣe àárín ewé, níbi tí omi lè dúró sí kí ó sì mú un rà. Ẹ̀bá fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé ni àyè rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, kí wọ́n fi àkísà tútù nu eruku ara ewé, kí ìmọ́lẹ̀ lè kàn án. Kí ọwọ́ ọmọdé àti ẹnu ajá tàbí ológbò má ṣe tó o, nítorí oje rẹ̀ a máa da inú rú.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi èyí han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè gbin méjì sínú ìkòkò ọgbọọgba: kí wọ́n máa bomi rin ọ̀kan lójoojúmọ́, kí wọ́n sì máa dúró de ìgbà tí iyẹ̀pẹ̀ èkejì bá gbẹ. Kí sáà ẹ̀kọ́ kan tó parí, wọn yóò ti rí ìyàtọ̀ fúnra wọn.