Kí Katakata Tó Dé

Ìlú kan wà ní Kánádà, Moose Jaw lorúkọ rẹ̀. Gbọ̀ngàn tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbá họ́kì orí yìnyín níbẹ̀, òrùlé rẹ̀ tẹ̀ wọnú láàárín, ni aráàlú bá ń pè é ní agolo tí wọ́n tẹ̀ rún. Ní 2011, Warriors, ẹgbẹ́ họ́kì àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà, kó lọ sí gbọ̀ngàn tuntun. Wọ́n sì wó ti àtijọ́. Ta ni yóò rántí rẹ̀? Àwọn tó ń fi ìfẹ́ ya fọ́tò irú ilé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe.

Ẹlòmíràn á ní ilé lásán ni, tuntun sì tuni lára ju ògbólógbòó lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ eléré yìí kì í pẹ́. Bí wọ́n bá ti lé ní ọmọ ogún ọdún, wọ́n ti ń lọ nìyẹn. Eléré ń lọ, olùkọ́ ń lọ. Kí ló kù tí bàbá àti ọmọ jọ mọ̀? Ilé náà ni. Ìjókòó kan náà, òtútù kan náà. Àkọsílẹ̀ góòlù kò lè sọ bí òrùlé ṣe tẹ̀. Ẹ̀yin tí pápá ìlú yín ṣì dúró, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ kọ ọdún sí i lẹ́yìn.