Ìka Mẹ́rin Lórí Okùn Mọ́kànlélógún

Bàmákò la ń lọ lálẹ́ òní, olú ìlú orílẹ̀-èdè Málì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Toumani Diabaté ní 1965. Kora ló ta títí ọlọ́jọ́ fi dé ní oṣù keje ọdún 2024.

Bí ẹ bá ti rí gòjé lọ́wọ́ àwọn onísákárà rí, ẹ ti mọ ìbátan kora. Okùn kan péré ni gòjé ní. 21 ni ti kora. Wọ́n á la igbá ńlá sí méjì, wọ́n á fi awọ màlúù bo ẹnu rẹ̀, wọ́n á sì ki igi gígùn bọ̀ ọ́. Awọ ni wọ́n fi ń ṣe okùn rẹ̀ láyé àtijọ́. Okùn ìwọ̀ àwọn apẹja ni wọ́n ń lò báyìí. Ẹni tó ń ta á á kọjú okùn sí àyà ara rẹ̀, á di igi kékeré méjì mú. Àtàǹpàkò méjèèjì àti ìka tó tẹ̀ lé wọn nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Ìka mẹ́rin yẹn ni kẹ́ ẹ fọkàn sí. Tí Toumani bá ń ta kora, àtàǹpàkò òsì á máa dún lábẹ́, gbùn, gbùn, bí ẹni ń gúnyán nílé kejì. Àtàǹpàkò ọ̀tún á máa gbè é lẹ́sẹ̀. Ìka méjì tó kù á wá máa dárà lókè, á máa rọ̀ wàràwàrà bí òjò lórí páànù. Ẹni tí ò rí i lójú á búra pé èèyàn mẹ́ta ló ń ta á. Bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló dá ta Kaira, àwo orin tó jáde ní 1988.

Ọmọ jeli ni, àwọn tí iṣẹ́ wọn jọ ti arọ́kin wa ní Ọ̀yọ́. Gbajúmọ̀ nínú kora ni Sidiki bàbá rẹ̀, àmọ́ etí ni Toumani fi kọ́ ọ, kì í ṣe pé bàbá jókòó tì í. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú un ní kékeré, ọ̀pá ló sì fi ń rìn.

Lẹ́yìn náà ló kó ẹgbẹ́ Symmetric Orchestra jọ: balafon, ngoni, jembe, gìtá oníná, gbogbo wọn lójú agbo kan. Alaalẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa ń ṣeré ní Bàmákò nígbà náà. Ẹni tí ìka rẹ̀ tó ṣiṣẹ́ èèyàn mẹ́ta wá ń dákẹ́ kí onígìtá lè sọ̀rọ̀. Lójú tèmi, ìdákẹ́ yẹn le ju gbogbo àrà lọ.

Ẹ ó gbọ́ ọ dáadáa nínú In the Heart of the Moon, tí òun àti onígìtá Ali Farka Touré ṣe, tó jáde ní 2005, tó sì gba ẹ̀bùn Grammy. Ilé ìtura kan létí Odò Ọya ní Bàmákò ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Odò wa yìí kan náà ni, tó ń ṣàn bọ̀ ní Jẹ́bà. Gìtá Ali á máa yí po lójú kan, kora á máa fò lórí rẹ̀. Tó bá sì kan gìtá, kora á rọra fà sẹ́yìn.

A óò gbé díẹ̀ sí i fún yín báyìí. Àtàǹpàkò òsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá.